Àtẹ̀gùn Ààfin Òkè-Ògògó

Ẹ sún mọ́ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tó bí òwe táwọn àgbà ń pa pé, "Ẹsẹ̀ arọ kọ́ ló dínà ààfin, àtẹ̀gùn ni"? Ọ̀rọ̀ Ẹfúnyẹmí aláró ni.

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ Ẹfúnyẹmí ti rọ. Ọwọ́ ló fi ń rìn, síbẹ̀ kò síbi tí kì í dé ní Òkè-Ògògó. Ó ń dé odò, ó ń dé oko ẹlú, bí wọ́n bá sì ń jà, á ti débẹ̀ kí ìjà tó gbóná. Ìdí nìyẹn táwọn obìnrin ìlú fi ní òun làwọn fẹ́ ní Ìyálóde.

Àmọ́ orí àtẹ̀gùn gíga ni Ọba Adélàńwà ti ń fi èèyàn joyè. Lọ́jọ́ ìwúyè, Ẹfúnyẹmí dé ìdí àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó àyà rẹ̀.

Balógun bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá aláró, ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ yín ò gba oyè."

"Balógun, ta ló gbé mi débí látilé? Àtẹ̀gùn tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín mọ ló dá mi dúró."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ̀n yín nígbà náà."

"Èmi? Mi ò ní gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni lọ joyè."

Inú bí Balógun. "Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń gùn ún!" Ó fò lọ sókè fìà, ó tẹ etí agbádá ara rẹ̀, ó fà mọ́ Ọ̀tún, ìjòyè tó dúró lórí àtẹ̀gùn, àwọn méjèèjì ń yí bọ̀ gbìì-gbìì. Kábíyèsí sáré jáde wo ohun tó ń dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, òun náà bá wọn nílẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ọba wú bí àgbọn.

"Ẹ gbé mi wọlé!" Ìkérora nìkan làwọn ìjòyè fi dáhùn.

Ẹfúnyẹmí tú gèlè rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ ọba. Ọba wo ààfin ara rẹ̀ lókè títí.

"Ẹfúnyẹmí, ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?"

"Báyìí náà ni, Kábíyèsí. Àbí ẹ ò lè jọba mọ́ ni?"

Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo àtẹ̀gùn náà, kó lọ gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ìlú kó o, wọ́n sì lù ú le.

Ẹfúnyẹmí ló kọ́kọ́ gùn ún, ọrùn rẹ̀ nàró, àwọn obìnrin ń hó yèè. Ọba ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Balógun ló kẹ́yìn, ó fara ti ọ̀pá, ó ń ké pé, "Ìyálóde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá!"

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ẹsẹ̀ arọ kọ́ ló dínà ààfin, àtẹ̀gùn ni. Bí ẹ bá sì ń jiyàn, ẹ lọ bi Balógun.