Awò Dúdú Tí Mo Fi Kọ́ni Nípa Eruku Ìràwọ̀

Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀kọ́ eruku ìràwọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ ò lè kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú. Nígbà náà, tíṣà físíìsì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó mi sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́. A kì í ríra tó, débi pé ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ń pè mí ní "bọ̀dá". Màmá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Ọ̀yọ́ wá ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ òun lọ́jọ́ kan. Bí òun bá gbádùn rẹ̀, òun á gbà mí síṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kékeré ò tó mi. Mo ní ìmọ́lẹ̀ tó ti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wá ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí ṣe ń da àwọn tó ń wá a láàmú. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mì sí gbogbo ìhà, ṣùgbọ́n tó bá ti ara eruku yẹn wá, ìhà kan ló máa ń mì sí jù. Awò dúdú kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó kọjá. Bí èèyàn bá gbé méjì léra, tó yí ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á ṣú. Mo yá ojúlówó kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìkejì, Sábó ni mo ti rà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màlámù tó tà á búra pé orijínà ni. Mo gbé e sójú, mo fi ṣe fáàrí nínú ọkọ̀ dé Ọ̀yọ́, tí òógùn ń ṣàn lójú mi.

Bí mo ṣe bọ́ awò náà níwájú kíláàsì, ẹ̀rín sọ. Inú mi dùn. Mo ní àwọn ọmọ yìí ti fẹ́ràn mi.

"Ẹ wò ó, ó máa ṣú báyìí." Mo gbé awò méjèèjì léra, mo yí i. Kò ṣú. Mo yí i padà. Kò ṣú.

"Sà, a ṣì ń rí yín o," ọmọbìnrin kan wí.

Mo fi agbára yí i. Awò Sábó kán, ó fò lọ bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn kíláàsì tí wọ́n ń wò mí. Mo yára ní eruku ọ̀nà ló bà á jẹ́. Màmá fi etí gèlè nù ún. Ni dúdú náà bá bá gèlè lọ! Dígí tó mọ́ gaara ló kù lọ́wọ́ wọn.

"Tíṣà, eruku yín rèé o." Wọ́n yọ dígí kékeré tí wọ́n fi ń wojú nínú báàgì, wọ́n nà án sí mi. Òógùn ti fa ọ̀dà awò náà yí ojú mi po, bí ìyàwó tuntun tó fi ẹkún ba tìróò jẹ́.

Mo jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ màlámù ni mo gbà gbọ́, n kò dán an wò kí n tó wọkọ̀.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń wo ọ̀run ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé eruku ló ń tàn wọ́n?"

"Oríṣiríṣi awò ni wọ́n fi ń wò ó, mà. Eruku máa ń hàn nínú àwọn kan ju òmíràn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ èyí tí wọ́n máa yọ kúrò."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fi gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo gbọ́?"

Síbẹ̀, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní kò sí ọmọ tó máa gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gbé ohun tí n kò tíì dán wò jáde síwájú èèyàn. Ìyàwó mi ló fi ọṣẹ fọ ojú mi nírọ̀lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, àmọ́ ojú ṣì ń ta mí.