Ohùn Tó Pè Mí ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí mo dìídì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá Bùsọ́lá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, mo gbìyànjú títí, kò lọ.

Bùsọ́lá ni ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkòtún ló dàgbà sí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Èkìtì, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Dádì Ìkòtún títí dòní. Ìtàn ló kà ní yunifásítì. Ó wá ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìlú tí àwọn ọba Ọ̀yọ́ ti jọba láyé àtijọ́ kó tó di ahoro. Ìyá rẹ̀ fárígá, ó ní ọmọ òun ò ní dá wọ igbó kankan. Ni mo bá fọwọ́ lu àyà: "Jẹ́ kó lọ jàre. Èmi ni màá tẹ̀lé e. Kí ló fẹ́ ṣe é níṣojú mi?"

Àbúrò mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe fà á lé yín lọ́wọ́ yìí ni kí ẹ ṣe dá a padà fún mi o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi náà!

A sùn ní Ìgbòho. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣọ́ igbó kan tó ti dàgbà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ̀ṣọ́, fi mọ́tò gbé wa wọlé. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ mọ́. Odi ìlú ti di òkìtì gígùn tí koríko bò, igi oṣè ńláńlá dúró káàkiri, ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ṣì wà lára àpáta. Birikìlà ni mí, nítorí náà mo fọwọ́ pa odi náà. Amọ̀ lásán! Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí irin, ó ṣì wà níbẹ̀. Fẹ́ǹsì tí èmi mọ ní Ìjẹ̀gùn, òjò ọdún kejì ló gbé e lọ. N ò sọ ìyẹn létí Bùsọ́lá.

Bàbá Ẹ̀ṣọ́ ní, "Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí àpáàdì, ilé ènìyàn ni. Wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀. Agogo mẹ́ta la ó kúrò o. Ẹ má rìn jìnnà."

Ọ̀rọ̀ àpáàdì yẹn ló kó bá mi, torí pé ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí. Mo yọ́ kúrò níbi tí Bùsọ́lá ti ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ibi àkọ́kọ́ tí mo dúró sí, mo rí àpáàdì. Mo ní páálọ̀ ẹnì kan nìyí, kò dáa. Mo bọ́ síwájú, mo rí ọlọ. "Ẹ má bínú, ìyá," mo kúrò nílé ìdáná wọn. Ibi kẹta fẹ̀ débi pé mo rò pé ààfin ni, mo tiẹ̀ ṣí fìlà. Ìlú yẹn tóbi o! Kí n tó rí ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, mo ti kọjá odi méjì. Mo tọ̀ tẹ́rùn. Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo igi jọra.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ: "Dádì Ìkòtúuun!"

N ò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré, nígbà tí Ìgàndó ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́. Ọ̀sán gangan sì ni. Lóòótọ́, ohùn náà jọ ti Bùsọ́lá, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ohùn ta ni ẹ̀mí àìrí ìbá yá bí kò bá ṣe ti ẹni tí mo fẹ́ràn? Ó tún wá mọ̀ pé Ìkòtún ni mò ń gbé!

Mo kó sínú yàrà tó wà nídìí odi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ti gbọ́ rí pé ẹ̀mí kì í pe ènìyàn kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí pè mí lẹ́ẹ̀meje. Mo ní bóyá kò kàwé, bíi tèmi. Ìjàlọ wọ ṣòkòtò mi. Mo ki fìlà bọ ẹnu kí n má baà ké. Mo ka Sáàmù lọ́kàn, nígbà tó tán, mo fi Fátíà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò mi kún un.

Nígbà tó pẹ́, ohùn ọkùnrin dá sí i: "Agogo mẹ́ta ti fẹ́ lù, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù."

Mo ní ó parí, wọ́n ti di méjì.

"N ò lọ, Bàbá. N ò lè fi Dádì mi sílẹ̀ síbí." Ohùn náà ti há. Ló bá bú sẹ́kún.

Ẹkún ọ̀hún ń já, òsúkè ń gé e láàárín. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bùsọ́lá wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọjà Ìkòtún, ẹkún yẹn ni mo tẹ̀lé títí mo fi rí i. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ ara mi nínú yàrà. Tó bá jẹ́ ẹ̀mí ni, mo kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ Bùsọ́lá ni, èmi tí mo ní màá ṣọ́ ọ ni mò ń pa á lẹ́kún yìí. Mo fa fìlà yọ lẹ́nu, mo di ojú, mo dìde: "Mo wà níbí o! Èmi rèé!"

Wọn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ. Bí mo ṣe yọ nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, Bàbá Ẹ̀ṣọ́ pariwo, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Dádì! Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dáhùn?"

"Mo ń wádìí ẹ ni."

Ẹkún ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn ìjàlọ kúrò lára mi.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ bi í léèrè bí mo ṣe ṣe ìtọ́jú rẹ̀ sí. Bùsọ́lá ò tiẹ̀ wo ojú mi. "Mọ́mì, Dádì ò fi mí sílẹ̀ rárá." Àbúrò mi dúpẹ́ dúpẹ́, ó kó ẹran jọ gègèrè sórí oúnjẹ mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Ilé ọkọ ni Bùsọ́lá wà báyìí, ní Gowon Estate, ilé mi sì ti dákẹ́ jù. Ohun tí mo kọ́ ò pọ̀. Ìkìlọ̀ ìyá mi dáa, n ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, tó sì kọ̀ láti lọ láìsí ẹ, dá a lóhùn. Máa gbọ̀n tí o bá fẹ́ máa gbọ̀n, ṣáà dá a lóhùn. Tí mo bá rántí, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín lórí àga títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún o. Àbúrò mi ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ.