Ẹnu Kọ̀ǹpútà Wà Níta, Afọ́jú Wà Nílé

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Akóredé lánàá, ẹjọ́ tí ẹni tí kò ríran fi pe ẹni tó ríran ṣùgbọ́n tí kò ronú. Àwọn kan á ní ilé ọba nìkan là ń pè láàfin, kì í ṣe ilé baálẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Ó dáa, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú Baálẹ̀.

Sìdíkátù ló pẹjọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ọ̀pá funfun ló fi ń rìn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ilésanmí ló pè lẹ́jọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní òkè kẹta ilé kan létí ráńdábáòtù Ìkòtún. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló fún un ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó ń ka ohun tó wà lójú wọn sókè, kí ẹni tí kò ríran lè máa fetí kẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Pátákó rẹ̀ ga ju ọ̀pá iná lọ: "Ìmọ̀ fún Gbogbo Aláàbọ̀ Ara."

Sìdíkátù kúnlẹ̀. Ó ń gbọ́ bí Baálẹ̀ ṣe ń rún orógbó, ó sì kọjú sí ibi tí orógbó ti ń dún.

Ọ̀tún Baálẹ̀ dá sí i, ó bi ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìdíkátù pé, "Kí ni obìnrin yìí ń fẹ́?"

"Ẹ bi èmi gan-an, bàbá," ni Sìdíkátù wí. "Ojú ló fọ́, etí ò di."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, rojọ́."

"Kí ẹ pẹ́ o, Baálẹ̀. Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ni mo kọ́. Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ẹgbẹ́dá, kí n máa gba fóònù, kí n máa tẹ lẹ́tà. Ìwé-ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń béèrè, ọjọ́ Jímọ́ yìí sì ni gbèdéke. Mo ṣèdánwò, mo fìdí rẹmi. Nínú ìbéèrè ogún, mẹ́rin ni mo rí dáhùn."

"O ò mọ̀wé ni?"

"N ò gbọ́ ìbéèrè ni. Kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìta ló ti ń sọ ọ́."

Orógbó dákẹ́ lẹ́nu Baálẹ̀. "Ìta báwo?"

"Wọ́n fa wáyà sípíkà gba ojú fèrèsé, wọ́n so sípíkà mọ́ pátákó. Èmi wà lókè lórí àga, ohùn wà nísàlẹ̀ lójú ọjà. Ohun tí mo bá tẹ̀, gbogbo Ìkòtún ló ń gbọ́ ọ, àfi èmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sílé ló sọ fún mi pé mo gbàgbé àmì ìdánudúró."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù ò bá wọn rín in.

"Wọ́n gbà kéèyàn tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀wé pé àṣìṣe tòun ni. Mo bẹ ọ̀gá náà títí, Baálẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí làwọn olóore á rò nípa àwọn."

Ilésanmí jáde síwájú, bàtà tuntun rẹ̀ ń ké bó ṣe ń bọ̀.

"Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀! Bó bá ń sọ ọ́ nínú ilé, ta ni yóò gbọ́?"

"Afọ́jú."

"Afọ́jú kan ṣoṣo, Baálẹ̀? Nígbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń kọjá nísàlẹ̀! Mo sì ṣètò fún un o. Mo ní kó máa yọrí sójú fèrèsé, á gbọ́ ọ ketekete."

"Mo yọ ọ́," ni Sìdíkátù wí. "Orí mi wà lójú fèrèsé, ọwọ́ mi wà lórí tábìlì lẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá rò pé mo fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ míì ń bẹ níwájú."

Baálẹ̀ ní, "Ilésanmí, ṣé kò sí èyí tí wọ́n ń kì bọ etí ni? Ọmọ mi ní ọ̀kan."

"Mẹ́fà ló wà, Baálẹ̀. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, nínú nílọ́ọ̀nù wọn."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń dúró de àwọn olóore tó máa wá ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ̀, a kì í tú nílọ́ọ̀nù lára ẹ̀bùn kí olóore tó rí i."

"Òótọ́ ni jàre," ni Ọ̀tún wí. "Àga ilé mi, ọdún keje rèé, nílọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀."

"A mọ̀, Ọ̀tún," ni Baálẹ̀ wí. "Ó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nídìí."

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìdíkátù wá sọ̀rọ̀. Babárìndé ni, atúnbàtàṣe, orí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ ló jókòó sí. "Baálẹ̀, èmi náà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. N ò tíì rí inú kíláàsì. Àtẹ̀gùn méjìlélógójì ni."

"Irọ́ ni!" Ilésanmí fò sókè. "A ṣètò fáwọn bíi tiẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn, kó tẹ aago, a ó wá gbé e."

"Aago náà wà níbo?"

Ilésanmí tẹjú mọ́ bàtà tuntun rẹ̀.

"Mo ní níbo?"

"Lókè, Baálẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Bí a bá gbé e sísàlẹ̀, wọ́n á jí i."

"Èmi wá ń jókòó sábẹ́ sípíkà," ni Babárìndé wí, "èmi àti Àtọ́kẹ́ oníbọ̀ọ̀lì."

"Àtọ́kẹ́ gan-an ni ẹlẹ́rìí mi!" ni Ilésanmí kígbe.

Àtọ́kẹ́ wọlé, òórùn èéfín èédú ṣíwájú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ilésanmí tí kì í jẹ bọ̀ọ̀lì ti ra ogún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baálẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan rí o. Sípíkà kankan ò sí níbẹ̀. Bó bá tiẹ̀ wà, kì í sọ̀rọ̀. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀, èmi kì í fetí sí i."

"Ó dáa, ìyá. Ẹ máa lọ."

Àtọ́kẹ́ yíjú padà. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Lẹ́tà tí akọ̀wé mi ń tẹ̀ láàárọ̀ mà ṣòfò o. Iná lọ, gbogbo ẹ̀ pa rẹ́."

"Ṣé kò tẹ kọntiróòlù pẹ̀lú S ni?" Àtọ́kẹ́ ti dáhùn kó tó mọ̀. "Ká máa tẹ̀ ẹ́ léraléra ni, Baálẹ̀, pàápàá nílùú tí iná... Yéè, mo gbé!"

Ààfin dà rú fún ẹ̀rín. Inú bí Sìdíkátù débi pé omi lé sójú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi gun àtẹ̀gùn méjìlélógójì, oníbọ̀ọ̀lì ló wá kẹ́kọ̀ọ́ yege.

Ọ̀tún ò tíì gbà. "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kí ni afọ́jú tiẹ̀ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?"

"Ọ̀tún, ẹ bọ́ awò ojú yín. Ẹ ka ìwé yìí fún wa."

"N ò lè rí i kà, àfi pẹ̀lú awò."

"Ẹ jẹ́ ká lọ fi awò náà kọ́ sára pátákó ní ráńdábáòtù, kí aráyé lè mọ̀ pé ẹ ní awò tó dáa."

Ọ̀tún yára gbá awò rẹ̀ mú, ó fi í sójú.

Baálẹ̀ tu orógbó dànù. "Ilésanmí, gbọ́ ìdájọ́. Lónìí lo máa kọ ìwé àṣìṣe rẹ, lórí kọ̀ǹpútà Sìdíkátù, kí wọ́n tó yọ wáyà kúrò lára rẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóo bá tẹ̀, kí Ìkòtún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, nílọ́ọ̀nù á ya, kíláàsì á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ẹrù tóo tì pa nísàlẹ̀. Ọ̀tún ló máa bá ọ gbé tábìlì."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Tìrẹ ló kù, Ilésanmí. O gbé ẹnu ẹlẹ́nu síta, ẹnu tìrẹ náà á lọ síta. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ohun tóo bá fẹ́ sọ fún Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ, jáde sí ráńdábáòtù, kóo sọ ọ́ nínú sípíkà. Bí kò bá gbọ́, kó yọrí sójú fèrèsé."

Wákàtí méjì gbáko ni Ilésanmí fi tẹ ìwé náà lánàá, tí Àtọ́kẹ́ ń tún un ṣe fún un láti ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni Sìdíkátù tún ìdánwò ṣe, ohun ìkìbọtí tuntun létí rẹ̀. Ó gba mọ́kàndínlógún nínú ogún. Èyí tó ṣì yẹn, Àtọ́kẹ́ ní òun ìbá gbà á.

Bí Sìdíkátù ṣe wọ kẹ̀kẹ́ láti máa gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí Ẹgbẹ́dá, ohùn kan bú jáde lókè ọjà: "Àyìnkẹ́, jọ̀ọ́, omi ìwẹ̀ mi dà?"

Gbogbo ọjà ló dá a lóhùn pé kò sí.

Sìdíkátù ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró díẹ̀ ná. Ó fẹ́ gbọ́ ọ ketekete.