Ẹní Tútù Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyàwó Relé Ọkọ

Ẹjọ́ kan dé lánàá sábẹ́ igi tí Mambet, baálẹ̀ wa, sọ di ààfin. Àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni Sayra já dé, tó ń fi apá aṣọ wọ́ Kalipa. Sayra ni ìyá ìyàwó. Kalipa ló ń ṣe ẹní irun àgùntàn fún gbogbo abúlé, irun tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí, tí wọ́n á tẹ̀ títí á fi lẹ̀ pọ̀ di ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ lórí òkè yìí. Ìgbà tó máa lò ó nìkan ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi bi obìnrin yìí," ni Sayra wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọbìnrin kì í relé ọkọ níbí láìdi ẹní rẹ̀ sẹ́yìn ẹṣin. Ìgbà tí a rẹ́run àgùntàn ni mo ti kó irun fún Kalipa, kó fi ṣe ẹní Gulzat ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ní kí n má dààmú. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Níjẹta, àwọn àna gun ẹṣin dé. Irun ṣì wà nínú àpò bí mo ṣe dì í."

Mambet kọjú sí Kalipa. "Ṣé irọ́ ló pa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í ṣiṣẹ́ tí kò bá tíì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin àlejò. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Tí mo bá yára bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà á bàjẹ́. Ìfẹ́ Gulzat ló mú mi dúró."

"A dúpẹ́ ìfẹ́. Ọwọ́ náà wá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin?"

"Kí wọ́n tó so ẹṣin mọ́lẹ̀, omi mi ti ń hó."

"Ta ló pọn omi ọ̀hún?" Sayra já a gbà. "Bàbá ọkọ ọmọ mi ni. Àwọn àna tó yẹ kí n gbé orí àgùntàn, oúnjẹ àlejò pàtàkì, síwájú wọn, Kalipa tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n máa tẹ irun tútù mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa kọrin sí i."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀," ni Kalipa dáhùn. "Ìdílé alágbára ni. Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ pé mo bá yín dán wọn wò."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ormon, ọkọ Kalipa, dìde.

"Wọ́n ń parọ́ mọ́ ìyàwó mi ni. Ojoojúmọ́ ló wà lórí irun yẹn."

"Kí ló ń ṣe lórí ẹ̀?"

"Ó ń sùn, Bàbá. Ó ní kó lè rọ̀ ni."

"Jókòó, olówó orí mi," ni Kalipa wí.

Ó kan Batma, ìyá ọkọ Gulzat, tí ìdí aṣọ rẹ̀ ṣì ń kán omi.

"Ẹní náà dára. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo jókòó lé e, omi wọ̀ mí dé egungun."

"Ó dára, àbí kò dára?"

"Ó dára, ó tutù. Tí mo bá gbé e gun òkè báyìí, òtútù á mú un gan bíi pákó kí n tó délé, wọ́n á sì fi ìyàwó ọmọ mi ṣẹ̀sín títí ayé. Yìnyín ti ń bọ̀. Tí ẹní ò bá gbẹ kí ọ̀nà tó dí, màá máa lọ láìmú ọmọ wọn dání."

Ohùn Sayra wálẹ̀. "Wọ́n ti dirun ìyàwó fún Gulzat, Bàbá. Ó bo orí, kò jẹ, kò mu."

"Màá sá ẹní náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná," ni Kalipa wí.

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́."

Àwọn àgbà wúkọ́. "Láìpẹ́" Kalipa, wọ́n ti bí ọmọ lábúlé yìí rí tó ti ń rìn kó tó dé.

Mambet fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kalipa, mo gba àwíjàre rẹ. Àlejò lọwọ́ rẹ ń fẹ́. Èmi ò ní fi àlejò dù ọ́. Batma àti gbogbo èèyàn rẹ̀ yóò kó wọ̀ sílé rẹ. Ẹṣin wọn yóò jẹ koríko rẹ. Àràárọ̀ ni wọn yóò máa pa àgùntàn kan jẹ nínú agbo rẹ, títí ẹní yóò fi gbẹ."

"Bàbá, agbo wa ò pọ̀," ni Ormon bẹ̀bẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ni kó o sọ fún."

"Ó dáa, Bàbá," ni Kalipa wí. "Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Batma ti dìde kúrò lábẹ́ igi. Ọgbà àgùntàn Ormon la ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń tẹ ìrù wọn tí ọ̀rá kún wò lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ti èyí ló sanra jù."

Kalipa sáré. A ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kíá ni èéfín sọ nílé rẹ̀, tí Ormon ń fi fìlà ara rẹ̀ fẹ́ ẹní.

Láàárọ̀ yìí, Gulzat gun ẹṣin, ẹní rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú lẹ́yìn rẹ̀. Àgùntàn kan péré ni wọ́n pa. Èyí tó sanra jù náà ni.