Ojú Alhaji Nínú Ọ̀rá Búrẹ́dì

Bí ìyangàn bá ń di fúláwà, Alhaji Gàníyù Àjíṣọlá ì bá ti bọ́ gbogbo Agége yó lọ́dún tí ìjọba ológun fòfin de àlìkámà. Ṣùgbọ́n ìyangàn kì í wú nínú ààrò. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ lẹ́yìn rélùwéè ti tutù. Ẹnu Alhaji nìkan ló ṣì ń gbóná.

"Àjíṣọlá Adì-má-tú," ló máa ń ki ara rẹ̀. "Ohun tí mo bá ti dì, kò séwu fún un mọ́ láyé."

Àsìkò yẹn ni Fúnmilọ́lá, ayàwòrán kan tó gboyè jáde tí kò ríṣẹ́, ń wá ibi tí yóò kó àwòrán rẹ̀ sí. Yàrá rẹ̀ ní Ìfàkò ń jò. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Òrégùn fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò ra èyí tó bá dára lára iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn: aṣọ kánfáàsì tí kò ní férémù, tí èékánná lásán lè bà jẹ́.

Alhaji ní kó kó wọn wá sí yàrá fúláwà òun tó ṣófo. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí ọmọ náà ya ojú òun, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí i níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí ìjọba ń rán bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn náà ní Òrégùn.

Fúnmilọ́lá yà á. Ó to gbogbo àwòrán náà ní òró, ojú ọ̀kan sí ẹ̀yìn èkejì, bébà mímọ́ láàárín wọn, páálí ní igun wọn. Ó bẹ Alhaji pé kó má fi ọ̀rá dì wọ́n, torí ọ̀dà tí òun fi ya ojú Alhaji kò tíì gbẹ dénú; bí ooru bá ká a mọ́ inú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn án.

Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ yunifásítì ló ba Nàìjíríà jẹ́.

Kò pẹ́ tí fúláwà fàyàwọ́ fi gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé. Alhaji ò sọ fún Fúnmilọ́lá. Ó dáná sí ààrò, ó sì ní kí wọ́n gbé àwòrán ọmọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn bí Fúnmilọ́lá ṣe dì wọ́n gẹ́lẹ́, kí fúláwà lè ráyè. Ó ní òun ò ní ọ̀rá tí òun ó fi ṣòfò lórí wọn.

Tirẹ̀ ló yàtọ̀. "Ojú ọlọ́lá kì í kọ sí ògiri," ló wí. Ó yọ àwòrán orí òbúkọ kan nínú ti Fúnmilọ́lá, torí òun àti tirẹ̀ ṣe déédéé, ó fi ṣe ilẹ̀kùn fún ojú ara rẹ̀, ojú kojú. Ó fi ọ̀rá búrẹ́dì yí wọn po, ó fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kí òjò má baà rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló jágbe mọ́ Kùdírátù tó ń bá a di búrẹ́dì.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Búrẹ́dì gbígbóná kì í wọ ọ̀rá. Á làágùn."

Ọjọ́ Òrégùn pé. Alhaji fi ọkọ̀ búrẹ́dì kó àwọn ará Agége wá wòran. Àwọn àwòrán Fúnmilọ́lá ti dé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku díẹ̀ lórí páálí, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Alhaji gba gbohùngbohùn.

"Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ìdì. Ojú mi rèé. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ò lè ṣì í mọ̀."

Ó ya ọ̀rá. Omi kán sí bàtà rẹ̀. Ó fa àwòrán méjèèjì, wọn ò yà. Ó fẹsẹ̀ ti ọ̀kan, ó fa èkejì. Ó dún fàà.

Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀: fìlà, agbádá, ihò funfun láàárín wọn. Lọ́wọ́ òsì: ìwo méjì, irùngbọ̀n òbúkọ, àti láàárín wọn, imú Alhaji, pélé Alhaji, ẹ̀rín ọlọ́lá Alhaji.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ síwájú. Kò rẹ́rìn-ín. "Èwo ni ẹ̀yin nínú méjèèjì?"

"Èmi kọ́ o, sà. Ojú mi kọ́ nìyẹn."

"Ojú yín ni, Alhaji," ẹnì kan dáhùn láti inú èrò Agége. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní a ò lè ṣì í mọ̀ ni."

Fúnmilọ́lá kò gbé ohùn sókè. "Ó gbóná nígbà tó wọ ọ̀rá ni, sà."

Ẹ̀rín Kùdírátù ló kọ́kọ́ bú. Ti gbọ̀ngàn tẹ̀ lé e.

Wọ́n ra àwòrán Fúnmilọ́lá tán, òbúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ni wọ́n gbé e kọ́. Alhaji gbé ihò tirẹ̀ relé, ó fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.