Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Ní gbogbo Ìlárè nílùú Ifẹ̀ níbí, bí rédíò bá ya odi, èmi ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe fáàrí o. Àbí ká kúkú pè é ní fáàrí, òótọ́ ṣáà ni. Mo ti fi bátìrì fóònù tó ti kú jí rédíò tí àwọn tó kàwé ní kí wọ́n lọ sọ nù. SS2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé ló ń falẹ̀, èmi kì í sì í dúró de ohun tó bá ń falẹ̀. Síbẹ̀, Sátidé kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí ẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Bàbá Rédíò. Yunifásítì ni wọ́n ti fẹ̀yìntì, nídìí àtúnṣe ẹ̀rọ. Rédíò tiwọn kì í ṣe èyí téèyàn fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tó ń sọ̀rọ̀, tó tún ń gba èsì ni. Ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ ẹ̀, wọ́n sì fi férémù gbé e kọ́ ògiri. Gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa bá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Jọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Àkànní ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, òun náà ń pè wọ́n ní Àjàní. Èmi ń pè é ní Bàbá Jọ́ọ̀sì. Yàrá kan náà làwọn méjèèjì jọ gbé nígbà tí wọn ò tíì gbéyàwó. Nǹkan kan tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa Bàbá Rédíò ni pé wọn kì í fẹ́ rí ológbò sójú. Eku ń gé aṣọ oníbàárà ìyàwó wọn, Màmá tó jẹ́ télọ̀, síbẹ̀ Bàbá ní kò sí ológbò tó máa wọlé àwọn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò pe ara wọn lórí fóònù. Mo bi wọ́n náà. Wọ́n ní fóònù Àkànní ti já sí kànga, Àkànní sì ní kó máa gbébẹ̀. Ni wọ́n bá ṣàdéhùn pé bí Sátidé méjì bá tẹ̀léra tí ẹnì kan ò gbóhùn ẹnì kejì, kí ẹni tó kù yáa ṣàdúrà fún òkú.

Ìjì wá já wáyà ìta wọn, èyí tó ń gbé ohùn jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń ṣa irin ti kó o lọ. Bí Sátidé kìíní ṣe kọjá láìsí ohùn nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé kejì, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Orúnkún ń dùn wọ́n, orí àga ni mo bá wọn.

"Ṣé o lè ta wáyà?"

"Bàbá, wáyà lásán? Kẹ́ ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, ẹ ó ti máa bá ará òṣùpá sọ̀rọ̀."

"Èmi ò bá ará òṣùpá ní gbólóhùn. Àkànní ni mo fẹ́. Gbọ́ dáadáa: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lápá ọ̀tún, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lápá òsì. Kó má lé, kó má dín. Lọ gba tépù lọ́wọ́ Màmá."

Màmá ń wọn aṣọ lára oníbàárà, wọ́n ní kí n ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi, sùúrù? Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni Bàbá pè é. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Kí ni mo tún ń wá?

Bàtà ọjọ́ náà wá jẹ́ bàtà ìgbafẹ́ mi, ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ẹnu ẹ̀ máa ń dé ibi tí mò ń lọ ṣáájú mi. Mo tẹ́ wáyà sílẹ̀, mò ń to ẹsẹ̀ síwájú ẹsẹ̀, mò ń kà á títí ó fi pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo gé e. Mo ṣe apá kejì bẹ́ẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀ mọ́ okùn tó ti àárín wọn wọlé lọ sídìí rédíò. Iṣẹ́ bùṣe.

Ọ̀pá irin méjì ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n máa ń ta wáyà sí. Mo so orí kan, mo fa ìkejì lọ, ló bá kọjá ọ̀pá kejì, ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Onílàákàyè á dúró bi ara ẹ̀ léèrè. Èmi ní àgbàlá ló kéré. Mo gun ògiri, mo so ìyókù mọ́ igi ìbẹ́pẹ Ìyá Ṣúkúrá, aládùúgbò wọn. N ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Ìyá Ṣúkúrá fi gbé abọ́ aṣọ tútù jáde.

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Bàbá Ṣúkúrá pé kó so okùn aṣọ fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe okùn aṣọ. Jọ́ọ̀sì ni wáyà yìí ń lọ."

"Jọ́ọ̀sì? Kó bá mi kí wọn." Ni wọ́n bá sá ìró méjì àti ṣòkòtò ọkọ wọn sí i.

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kó o. Nígbà tí mo máa wọlé, aago mẹ́rin ti kù díẹ̀.

"Ó pé ìwọ̀n?" Bàbá bi mí.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n géérégé, sà." N ò kúkú purọ́.

Aago mẹ́rin lù. Rédíò ṣe ṣììì, ohùn Bàbá Jọ́ọ̀sì sì jáde: "Àjàní, ṣé o wà ńbẹ̀?" Mo nà ró bí ẹni pé èmi ni mo bí rédíò. Bàbá tẹ bọ́tìnì. "Mo wà o, Àkànní!"

"Àjàní, n ò gbọ́ ẹ o."

"Mo ní mo wà!"

Ohùn Bàbá Jọ́ọ̀sì wá rọ̀. "Ó dáa. Sátidé kejì rèé. Sùn un re o, Àjàní. O ò mọ orin ín kọ, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni ẹ́."

Bàbá dìde lórí orúnkún tí kì í lè dìde. "Mo wà láyé! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni!" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣeré. Wọ́n yíjú sí mi. "À ń gbọ́ ọ, ohùn wa ni ò jáde. Wáyà yẹn ò péye. Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè. "Bàtà, sà. Ẹsẹ̀ bàtà lẹ ní."

Màmá gbọ́ ọ láti ìdí iṣẹ́ wọn, wọ́n wọlé. Wọ́n fa tépù lọ́rùn, wọ́n tẹ́ ẹ lé bàtà mi. "Íǹṣì mẹ́rìnlá! Ọmọ yìí, íǹṣì méjìlá ni ẹsẹ̀ bàtà kan níbi gbogbo láyé. Bó o bá wá wọ bàtà ọmọdé ńkọ́, ṣé Jọ́ọ̀sì á súnmọ́ Ifẹ̀ ni?"

Wọ́n mú àlùmọ́gàjí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà, a sì jọ sáré jáde. Mò ń fa wáyà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n bí ìbàdí oníbàárà. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀ ló lé lápá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé e, mo tún un ta. Ló bá ṣe wẹ́kú láàárín ọ̀pá méjèèjì! Ìyá Ṣúkúrá yọjú lórí ògiri: "Ẹ ti gba okùn mi?" Ta ló ráyè dáhùn?

Nígbà tá a wọlé, Bàbá Jọ́ọ̀sì ṣì ń dágbére. "Kí n tó pa ẹ̀rọ yìí, Àjàní, n ò lè fi í pamọ́ fún òkú. Ẹran awó tó sọnù nínú ìkòkò wa nígbà tá a jọ ń gbé yàrá kan, kì í ṣe ológbò onílé ló jẹ ẹ́. Èmi ni. Mo rún egungun ẹ̀ pàápàá."

Bàbá rọra jókòó. Wọ́n rọra tẹ bọ́tìnì.

"Àkànní. Ìwọ lo jẹ ẹran awó mi?"

Ṣììì. Lẹ́yìn náà: "Yéè! Àjàní! Ibo lo ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ifẹ̀ ni! Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ológbò lókò, Àkànní!"

Bóyá ẹ̀rín ni Bàbá Jọ́ọ̀sì bú sí, bóyá ẹkún ni, rédíò ò jẹ́ kí n mọ̀. Bàbá tiwa fi fìlà nu ojú.

Ẹ̀kọ́ tèmi ò gùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí n ò fi dúró de tépù, díẹ̀ ló kù kó sin èèyàn láàyè. Mo ti ní tépù tèmi báyìí, mẹ́ta ni. Síbẹ̀ "Íǹṣì Mẹ́rìnlá" ni Màmá ń pè mí, àwọn oníbàárà wọn náà ti gbà á lẹ́nu. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Màmá náà ti ní ológbò. Bàbá fúnra wọn ló ń fún un lẹ́ja... Ẹ gbọ́ ariwo yẹn? Sátidé lòní, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ológbò sì ti gun ọ̀pá wáyà. Mò ń lọ o.