Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Don Evelio

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé ẹjọ́ yìí dé iwájú olórí abúlé wa lánàá, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Ní Peñalera, nǹkan mẹ́ta péré la ń lu agogo yẹn fún láàárín ọ̀sẹ̀: iná, òkú, àti ìpàdé ìgbìmọ̀. Nígbà tó dún ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì abúlé gbé garawa omi jáde, ìdajì yòókù ń bi ara wọn pé ta ló kú. Àlejò kan la bá nídìí okùn agogo. Don Evelio ni, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin láti ìlú Valladolid, ó wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní òun fẹ́ pẹjọ́.

Edelmira wà lára àwọn tó gbé garawa. Ọmọ abúlé wa ni, afinimọ̀nà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí yìnyín bá ti kúrò lójú ọ̀nà, á kó àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gun òkè méje láàárín ọjọ́ méje, òkè kan lóòjọ́. Fausto, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, á máa fi ọkọ̀ kó ẹrù wọn tẹ̀ lé wọn. La Corza ni òkè keje, òun ló le jù, abúlé wa ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gun méjèèje láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ àti láì gba ìrànlọ́wọ́, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó kan nílé ọtí Ìyá Benilde. Láti ọdún mọ́kànlá, orúkọ mẹ́rìnlélógún péré ló wà níbẹ̀. Láàárọ̀ àná ni Edelmira fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tó sọ wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bó ṣe rí Don Evelio nídìí okùn báyìí, ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún un.

Wọ́n gbé àga fún Bàbá Onofre, olórí abúlé, sábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí ilé oyin rẹ̀ ló ti sáré wá, àwọ̀n tó fi ń bojú fún oyin ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rán an létí. Ó kọ́kọ́ sọ òfin fún àlejò: ẹni tó bá lu agogo láìnídìí, yóò san ìtanràn, ìtanràn abúlé wa kì í sì í ṣe owó. Wáìnì ni, ibi tí wọ́n bá ti dájọ́ ni ìgbìmọ̀ á sì ti mu ún. Nítorí náà, kò sí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ràn ẹjọ́ tó tiwa.

"Kí ni Edelmira ṣe fún yín?"

"Ó tì mí."

"Ó tì yín ṣubú?"

"Rárá. Ó tì mí gòkè."

Bàbá Onofre wo ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ wo òkè.

"Ẹ ṣèṣe?"

"N ò ṣèṣe. Mo débẹ̀ láyọ̀."

"Ẹ wá ń pè é lẹ́jọ́ nítorí pé ẹ débẹ̀ láyọ̀."

"Mo ń pè é lẹ́jọ́ nítorí pé kì í ṣe èmi ni mo débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló débẹ̀, èmi kàn wà níwájú ọwọ́ náà ni."

Ó ṣàlàyé pé ọbẹ̀ aáyù lòun ń mu lọ́sàn-án, tí òun ń wo orúkọ òun lára pákó, inú òun sì ń dùn, ni Ìyá Benilde bá gbé búrẹ́dì wá, tó ní, "Ẹ kú oríire o, Don Evelio. Àmọ́ ẹ wúwo. Apá á máa ro Edelmira lónìí." Láti ìgbà náà ni ọbẹ̀ ò ti lọ lọ́fun òun mọ́. Ohun tó fẹ́ ò ju méjì lọ: kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ lára pákó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé abúlé pé wọ́n jí òkè òun.

"Wọ́n jí òkè," ni Bàbá Onofre sọ, ó tún bojú wo La Corza. "Èmi ṣì ń rí i níbẹ̀."

"Méje ni mo wá gùn. Mẹ́fà ni mo gùn. Ẹni tó mú ìkan tó kù ló dúró yẹn."

Bàbá Onofre kọjú sí Edelmira. "Ọmọ mi, ṣé o tì í?"

Edelmira mọ òótọ́, ó sì mọ ohun tí òótọ́ náà máa ná an. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń ti àwọn èèyàn rẹ̀, ta ló tún máa gba pákó yẹn gbọ́? Orúkọ mẹ́rìnlélógún tó kù náà á di orúkọ àwọn tí wọ́n tì. Ìyẹn ló jẹ́ kó la ẹnu, tí irọ́ sì já bọ́ níbẹ̀.

"N ò tì í, Bàbá. Ó rẹ̀ mí ni. Mo kàn gbára lé e."

"O gbára lé e."

"Ọjọ́ keje ni, ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo rí ẹ̀yìn kan tó fẹ̀ dáadáa, mo gbé ọwọ́ lé e. Òun gan-an ló fà mí gòkè. Tí ìwà ọ̀daràn bá wà níbẹ̀, èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń gun La Corza lọ ra búrẹ́dì nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Ara ti ń dara àgbà, Bàbá."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ìgbìmọ̀ wúkọ́.

Wọ́n pe Fausto, torí ó wa ọkọ̀ ẹrù tẹ̀ lé wọn. Fausto ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan wà nínú irọ́. Ó ní òun rí ọwọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ eṣinṣin màlúù ló ń lé.

"Láti kọ́nà wo dé kọ́nà wo?"

"Láti ìkẹjọ dé ìkẹtàlá."

"Ìdajì òkè nìyẹn."

"Eṣinṣin náà lágídí, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun gbára lé e ni."

"Ó gbára lé e, ó sì ń lé eṣinṣin. Obìnrin lè ṣe méjì pọ̀."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún. Mo rí i kedere."

Ìyá Benilde ò dúró kí wọ́n pe òun. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lòun wà pẹ̀lú àwọn màlúù òun, ojú òun sì mọ́lẹ̀ ju ti ẹni tó ń wakọ̀ lọ. "Ọwọ́ òsì ni," ó ní. "Edelmira sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi màlúù tó fẹ́ bímọ. Don Evelio ní tiwọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

Don Evelio jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo rẹ́rìn-ín torí mo rò pé ẹsẹ̀ mi ni."

Kò sẹ́ni tó wúkọ́ mọ́. Ó sọ fún wọn pé àbúrò bàbá òun ló bá òun wá iṣẹ́ ọ́fíìsì tí òun ṣe fún ọdún méjìlélógójì, àna òun ló kọ́ ilé fún òun, ẹni tó fún òun ní ìwé ìwakọ̀ gan-an, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni. Kò sí ibi tí òun dé láyé tí ọwọ́ ẹnì kan ò sí lẹ́yìn òun. Lọ́jọ́ tí òun fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àríyá fún òun, òun sì dúró láàárín wọn, òun ń wá ohun kan ṣoṣo tí òun fúnra òun ṣe, òun ò rí i.

"Mo wá wá òkè," ó ní. "Mo ní òkè ò mọ àbúrò bàbá mi."

Edelmira ò lè pa á mọ́ra mọ́. Bí ojú ṣe ń tì í ni inú ń bí i sí ara rẹ̀.

"Mo tì wọ́n, Bàbá. Ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí ọ̀tún rẹ̀ mí, mo fi òsì sí i."

"Kí ló dé?"

"Ní kọ́nà kẹjọ, wọ́n ń bá kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Àánú wọn ṣe mí, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Àánú," ni Don Evelio sọ, bí ẹni tí wọ́n tún ka ẹ̀sùn kejì fún.

Bàbá Onofre dìde, ó gba ilé rẹ̀ lọ. A rò pé ìwé òfin ló fẹ́ mú. Nígbà tó padà dé, ẹyin kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní adìẹ òun ló yé e láàárọ̀, wọn ò tíì sè é, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá mì í wò. Lẹ́yìn náà ló dájọ́.

Ó ní lọ́la, kí oòrùn tó le, Don Evelio á tún La Corza gùn. Àgbàlagbà kì í dá gun òkè yẹn, nítorí náà, Edelmira á tẹ̀ lé e lẹ́yìn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ẹyin yìí á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì á wà lórí kẹ̀kẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa gun òkè yẹn láì di nǹkan mú. Tí Don Evelio bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, orúkọ rẹ̀ á kúrò lára pákó títí láé. Tí ẹyin bá fọ́, Edelmira á ra àgbá wáìnì kan fún ìgbìmọ̀. Ní ti Fausto, níwọ̀n ìgbà tó ti mọ̀ nípa eṣinṣin tó bẹ́ẹ̀, kó wá máa fọwọ́ lé e lára màlúù Ìyá Benilde láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí di ọjọ́ Sunday.

"Ọwọ́ wo, Bàbá?" ni Fausto béèrè.

"Ọ̀tún àti òsì."

Láàárọ̀ òní, gbogbo ìgbìmọ̀ há sínú ọkọ̀ Fausto, a ń rọra tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó ń sin òkú lọ. Don Evelio ò bojú wẹ̀yìn. Títí dé kọ́nà keje, ó ń lọ dáadáa. Ní kọ́nà kẹjọ, Edelmira tún gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ kẹ̀kẹ́. Ó ń pè é ní ọmọ dáadáa, ó ń ṣèlérí epo tuntun fún un. Apá Edelmira fẹ́ gbéra fúnra rẹ̀. Ó rántí ẹyin, ó tún ọwọ́ náà fà mọ́ra.

Kọ́nà kọkànlá ló burú jù. Kẹ̀kẹ́ ń wọ́ láti apá kan ọ̀nà dé apá kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Don Evelio gbéra, ó ń wá ilẹ̀. Edelmira ò mí. Ó kàn rí ẹsẹ̀ náà tó padà sórí kẹ̀kẹ́, tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó tún tẹ̀ ẹ́, ìgbà náà ló tó mọ̀ pé nǹkan tútù kan ti ń ṣàn lọ sí ìgúnpá òun. Ó ń gùn ún lọ.

Ní orí òkè, níbi àgbélébùú òkúta, Don Evelio yí ṣubú sínú koríko, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n rí ọwọ́ Edelmira, Ìyá Benilde sì ní, "Ó ti tún tì wọ́n." Kò sí ìbànújẹ́ kankan lóhùn rẹ̀, torí àgbá wáìnì ti dájú. Don Evelio gbé orí sókè, ó rí ẹyin tó fọ́, ó sì tún gbé orí lé koríko.

Bàbá Onofre ní kó dìde, kó yí padà. Ó fi awò sójú. Ẹ̀wù funfun ni Don Evelio wọ̀, Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà.

"Òógùn," ó ní. "Òógùn lásán. Kò sí ẹyin níbí."

Ó yíjú sí Edelmira, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èèpo ẹyin ti wọ inú ìbọ̀wọ́.

"Ta lo wá ń tì?"

"N ò ti ẹnikẹ́ni, Bàbá. Mo kàn ń wò wọ́n ni."

Bàbá Onofre ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yìn mọ́, òkè ti di ti ẹni tó gùn ún, orúkọ á dúró lára pákó. Ó ní kí wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹyin fọ́, ìtanràn sì ni ìtanràn. Don Evelio ń sunkún láì fi pa mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fa owó jáde, ó ní òun lòun máa san owó wáìnì náà, ó kéré jù lọ tí òun lè ṣe fún Edelmira nìyẹn.

Edelmira nu ọwọ́ rẹ̀ sí koríko.

"Don Evelio, ta ló ní kí ẹ tì mí?"

Don Evelio dá owó padà sápò, ó ní kó má bínú. Wáìnì Edelmira la mu nísàlẹ̀, Don Evelio náà mu nínú rẹ̀, ó sì mu tó.